Itọ́ Tí Aláṣọ Eérú Gbé Mì

Etí ni Elédùmarè fi jíǹkí ọmọbìnrin yìí, etí náà ló sì fi ba ayé ara rẹ̀ jẹ́. Ẹ má tíì bínú sí mi pé mo ti sọ òpin ìtàn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Fíìmù tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí náà, gbogbo èèyàn ló mọ bó ṣe parí, síbẹ̀ wọ́n ń tò síwájú ilé sinimá láti tún un wò. Téèyàn bá mọ òpin tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ohun tó wà níbẹ̀rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe lọ́yà, kì í sì í ṣe adájọ́. Yàrá kan wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìgbẹ́jọ́ tí kò ní fèrèsé, ibẹ̀ ló ń jókòó sí, á fi ẹ̀rọ bo etí, á máa gbọ́ ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rojọ́, á sì máa tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà. Nǹkan pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á padà sẹ́yìn. Tó bá tún tẹ̀ ẹ́, á tún padà. Ọ̀rọ̀ táwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ti ní kò ṣeé gbọ́, òun ni wọ́n ń gbé e wá bá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí Ehoro. Ó ti dá a lójú pé kò sí ohun téèyàn ò lè gbọ́ yé, tó bá ṣáà ti padà sẹ́yìn tó.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fà á lọ wo Aláṣọ Eérú. Fíìmù òkèèrè ni, àmọ́ wọ́n ti fi ohùn àwọn tiwa sí gbogbo wọn lẹ́nu. Ọkùnrin kan ni, tó ń tún aago ṣe lójoojúmọ́. Tí ìlú bá ti dàrú, á gbé aṣọ aláwọ̀ eérú wọ̀, á fò lọ gba àwọn èèyàn là. Ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀. Títí fíìmù fi tán, ìyàwó yìí ò mọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó, fífò yẹn ni ojú rẹ̀ á máa bá kiri: ilé tó ń wó, afárá tó ń já, ọkùnrin tó gbé odindi bọ́ọ̀sì sọ́rùn. Lẹ́ẹ̀kejì lèèyàn tó ń rí i pé ife méjì ni ìyàwó yẹn ń gbé kalẹ̀ láràárọ̀, tó sì jẹ́ ẹyọ kan ló máa ń fọ̀. Elétí Ehoro sunkún nítorí ife yẹn. Ló bá padà lọ. Nígbà tó tún padà lọ, kò wo nǹkan kan mọ́, ó dijú ni, ó ń gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, ohùn náà sì wọ̀ ọ́ lára dé egungun.

Àbúrò ìyá rẹ̀ kan wà tó ń dirun, Àǹtí Onídìrí ni gbogbo èèyàn ń pè é. Òun ló lọ sọ fún.

"Àǹtí, ohùn ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kí n rí oorun sùn."

"Ohùn ta ni?"

"Aláṣọ Eérú."

Àǹtí fi kóòmù gbá a lórí. "Orí ẹ ti dàrú. Ẹni tó ń fò lójú ọ̀run lo fẹ́ fẹ́? Ṣé òun á máa gbé ẹ lọ síbi iṣẹ́ ni?"

"Ẹni tó ń fọhùn fún un ni mò ń sọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn? Ìyẹn ò lè fò o. Àkàsọ̀ gan-an, á rò ó kó tó gùn ún. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, oníbàárà mi ni. Akọni làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, àmọ́ kúkurú báyìí ni, orí ẹ̀ sì ti ń pá."

"Àǹtí, ẹ bá mi pè é."

Bí Àǹtí ṣe di alárinà nìyẹn, kóòmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọni wá sí ṣọ́ọ̀bù. Lóòótọ́, kúkurú ni, ó sì ń làágùn. Elétí Ehoro jókòó síwájú dígí, kò yíjú padà, ó tiẹ̀ dijú ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ pé, 'Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀.'"

Akọni wo Àǹtí, Àǹtí wòkè àjà. Ó sọ ọ́.

"Ẹ ò gbé itọ́ mì," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Nínú fíìmù, ẹ gbé itọ́ mì kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Ẹ tún gbé e mì kẹ́ ẹ tó sọ fún ìyàwó yín pé kò sí ohun tẹ́ ẹ fi ń pa mọ́ fún un. Àmọ́ níbi tẹ́ ẹ ti sọ fún ọmọ orí afárá yẹn pé kó má bẹ̀rù, ẹ ò gbé e mì. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ parọ́ nìkan ni."

Akọni wá àga, ó jókòó. "Ọ̀gá wa ní kí n yọ ọ́, ó ní ariwo ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan ò lè gbọ́ ọ, kò lè dí i lọ́wọ́. Ẹni tó bá padà wá ni mo fi pa mọ́ dè. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kankan máa padà wá."

Láti orí àga yẹn ni ìfẹ́ ti mú Akọni. Tiẹ̀ kọjá ìfẹ́ lásán. Ẹ fojú inú wo ẹni tó fi nǹkan pa mọ́ síbì kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbà kọjá lórí rẹ̀, tí ẹnì kan wá dúró, tó bẹ̀rẹ̀, tó sì mú un.

Wọ́n jọ ń lọ wò ó. Tó bá ku díẹ̀ kí Aláṣọ Eérú parọ́, Elétí Ehoro á fún un lọ́wọ́ pọ̀, àwọn méjèèjì á wá máa rẹ́rìn-ín sínú láàárín àwọn tó ń wo fífò. Àwọn tó jókòó nítòsí rò pé wèrè ni wọ́n. Nígbà kan tí wọ́n ń jáde, ó bi í pé, "Ibo lo ti rí ọgbọ́n itọ́ yìí kọ́ ná?"

"Ara mi ni mo ti yọ ọ́. Bí mo ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn tí mo bá fẹ́ parọ́. Ìyá mi kì í bi mí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀fun mi ló máa ń wò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Ọkùnrin yìí mú ọ̀bẹ, ó pọ́n ọn, ó fi èèkù rẹ̀ lé ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ a máa sọ àgbà di ọmọdé.

Nígbà tẹ́rìn-ín tán, Akọni ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ẹ sọ. Kì í ṣe ibi tí èrò wà báyìí."

"Ọ̀rọ̀ burúkú ni?"

"Ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni. Jẹ́ ká rí ìyá ẹ tán ná, ọkàn mi á balẹ̀, màá sọ fún ẹ."

Ìyá Elétí Ehoro ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ilé ìwé. Ó ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ohùn ọ̀gá tó wà lẹ́nu rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì. Lọ́yà kan ló fi sọ́kàn fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọkùnrin kan ti yọjú, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Iṣẹ́ kí ló ń ṣe?"

"Ó ń fi ohùn sí fíìmù, Màámi."

"Ìyẹn ni pé ẹlòmíì á la ẹnu, òun á máa sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Irú ẹni bẹ́ẹ̀, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tó ń sọ tinú ẹ̀?"

Ibi tí ọmọbìnrin yìí ti ṣìṣe nìyẹn. Ayọ̀ ń pa á bí ọtí, ó sì fẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí i pé ọgbọ́n ń bẹ nínú ọkùnrin yìí. Ló bá sọ ọ̀rọ̀ itọ́ fún un látòkèdélẹ̀, títí kan ọ̀fun tí ìyá Akọni máa ń wò. Ìyá gbọ́ ọ, ó mi orí, ó dá awò padà sójú.

"Ní kó máa bọ̀," ló wí.

Akọni wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àǹtí Onídìrí jókòó sáàárín gẹ́gẹ́ bí alárinà. Àwòrán bàbá tó ti kú ń wo gbogbo wọn láti ara ògiri. Ìyá gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà lókè òkun ní òun fẹ́ gbọ́ gbogbo ohun tá a bá sọ. Gbà á sílẹ̀ fún un."

Akọni rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí n sún mọ́ ọn díẹ̀, mà. Ibi tí mo wà yìí, ohùn mi á jìnnà." Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ó fa àga síwájú, ó gbé ẹnu lé fóònù náà bó ṣe máa ń gbé e lé ẹ̀rọ níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó tì í.

Ìyá béèrè ilé, ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè irú àìsàn tó ń ṣe wọ́n nídìílé. Akọni ń dáhùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá wá rọra gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé o ní ọmọ níbì kankan?"

Àǹtí Onídìrí gbójú sókè wàrà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀gbọ́n Akọni wolẹ̀.

"Rárá, mà," ni Akọni wí.

"O ṣeun," ni ìyá wí, ó sì ní kí wọ́n bu omi sí i fún àwọn àlejò.

Wọ́n ti lọ tán kó tó pe ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo ní etí. Kí lo gbọ́ níbi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn?"

"Ó ní rárá, Màámi."

"Èmi náà gbọ́ rárá. Ohun tó wà níwájú rárá ni mò ń bi ẹ́. Gbé e lọ síbi iṣẹ́ ẹ, padà sẹ́yìn, kó o gbọ́ ọ dáadáa. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a."

Ó gbé e lọ. Ó fi ẹ̀rọ bo etí, ó fẹsẹ̀ tẹ nǹkan pẹlẹbẹ yẹn. Ṣé o ní ọmọ níbì kankan? Ìdákẹ́jẹ́. Itọ́. Rárá, mà. Ó padà sẹ́yìn. Itọ́ yẹn wà níbẹ̀. Ó mú ohùn lọ sókè, itọ́ náà sì ròkè pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ọkùnrin yẹn ti fọwọ́ ara rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ẹ̀rù ìyá òun ló bà á. Ẹ̀rù kẹ̀? Kí ló dé tí kò gbé itọ́ kankan mì nígbà tí wọ́n bi í léèrè iṣẹ́, èyí tó yẹ kó tì í lójú? Opó kan ti jẹ́rìí rí nínú ilé ẹjọ́ yẹn, tó jẹ́ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ ló fi itọ́ dá sí méjì, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni gbogbo rẹ̀. Elétí Ehoro ló tẹ ẹjọ́ náà. Kò rántí opó yẹn. Ọ̀fun kan ṣoṣo ló ń gbọ́, ó sì ń padà sẹ́yìn lọ bá a títí ilé iṣẹ́ fi ṣófo.

Yàrá kékeré kan ni Akọni ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì lẹ ògiri rẹ̀ yíká kí ariwo má bàa wọlé. Òun àti obìnrin tó ń fọhùn fún ìyàwó Aláṣọ Eérú ló wà níbẹ̀ nígbà tí Elétí Ehoro wọlé. Obìnrin náà rí ojú àlejò, ó gbé ife tíì rẹ̀, ó jáde. Elétí Ehoro kò kí Akọni. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀.

Akọni gbọ́ ara rẹ̀. Ó gbọ́ ohun tó wà níwájú rárá. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ni ìyá ọmọ náà?" ni Elétí Ehoro bi í.

"Jọ̀ọ́, jókòó. Ọ̀rọ̀ tí mo ní màá sọ fún ẹ..."

"Mo bi ẹ́ léèrè. Ìwọ lo kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ. Má gbé itọ́ mì kó o tó dá mi lóhùn."

Ọkùnrin náà la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Fóòmù ara ògiri kò jẹ́ kí ariwo kankan wọlé, kò sì jẹ́ kí èyí tó wà nínú ilé sọnù. Ó gbìyànjú, gbogbo iṣan ọrùn rẹ̀ le. Itọ́ náà sọ̀kalẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ọ.

"O ṣeun," ni Elétí Ehoro wí, gẹ́lẹ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe wí i. Ó mú fóònù, ó jáde. Inú rẹ̀ ń dùn lójú ọ̀nà, kí n má parọ́ fún yín. Ó dùn ún, àmọ́ inú rẹ̀ ń dùn, bí inú ẹni tó mú olè.

Ọdún yípo. Lọ́yà yẹn wá títí, ó rẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ ẹlòmíì. Elétí Ehoro ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀. Nígbà kan tó jókòó sábẹ́ ọwọ́ Àǹtí Onídìrí, tó ń fi Akọni ṣe yẹ̀yẹ́ pé bóyá ọmọ tó ń fi pa mọ́ yẹn ti ń rìn báyìí, ọwọ́ Àǹtí dúró lórí rẹ̀.

"Ọmọ yẹn ò rìn. Ó kú kó tó mọ̀ ọ́n jókòó."

"Ọmọ wo?"

"Ọmọ Akọni. Ìyá ọmọ náà bí i tán, ó gbé e sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Akọni nìkan ló ń tọ́jú ẹ̀ kí àìsàn tó mú un lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ fún mi níbí, orí àga tó o jókòó sí yìí. Ìyá ẹ bi í bóyá ó ní ọmọ, ó ní rárá. Kí lo fẹ́ kó wí? Pé òun ní?"

Elétí Ehoro fa orí kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kí n sọ fún. Ìyá ẹ ni mo sọ fún, ṣáájú kí wọ́n tó wá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ibi tó ń dun ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, kó má fọwọ́ kàn án. Mo rò pé àánú á ṣe é." Àǹtí bú sẹ́kún. "Ó wá dá mi lẹ́kun, ó ní tí mo bá lanu sọ ọ́, òun ò ní pè mí lábúrò mọ́. Ó sì ti wá dá mi lójú pé ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ló sọ mí di ìkà."

Elétí Ehoro sáré délé pẹ̀lú irun tí kò tíì parí. Ìyá rẹ̀ ń ka ìwé ìròyìn.

"Màámi, ẹ mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti kú."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì bi í."

Ìyá ká ìwé ìròyìn rẹ̀. "Ìbéèrè ni mo bi í. Ó sì dá mi lóhùn, òótọ́ ló sọ. Èmi ò pè é ní òpùrọ́. Ta ló pè é bẹ́ẹ̀?"

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọbìnrin náà pé ó máa ń wúwo tó báyìí.

Ó lọ bá Akọni níbi iṣẹ́. Fóòmù ṣì wà lára ògiri. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni Akọni wí.

"Jọ̀ọ́, má máa bá mi sọ̀rọ̀ bí àgbà."

"Kí wá ni kí n ṣe fún yín?" Kò sí ìbínú lóhùn rẹ̀, ohùn tí wọ́n fi ń dá oníbàárà lóhùn ni.

"Mo ti gbọ́ nípa ọmọ yẹn. Mo jẹ̀bi, mo mọ̀. Àmọ́ kí ló dé tó ò sọ fún mi? Gbólóhùn kan péré ni."

"Ẹ ní kí n má gbé itọ́ mì. Mi ò lè dárúkọ ọmọ yẹn láìgbé e mì." Ó ń to àwọn ìwé tó fẹ́ kà sínú ẹ̀rọ. "Mo ti dárí jì yín. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín mọ́."

Elétí Ehoro fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọ̀fun náà kò mira. Ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin tó ń fọhùn fún ìyàwó Aláṣọ Eérú wọlé, ó gbé ife tíì méjì lọ́wọ́, oyún sì ti yọ lára rẹ̀.

"Ìyàwó mi rèé," ni Akọni wí. "Apá kejì fíìmù wa la ń ṣe lọ́wọ́. Tó bá jáde, ẹ wá wò ó."

"Ẹ káàbọ̀, mà," ni ìyàwó wí, ó sì fi ife kan lọ̀ ọ́.

Apá kejì jáde. Elétí Ehoro lọ. Nínú èyí, Aláṣọ Eérú padà sílé, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ó ní òun ò ní fò mọ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ eérú ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Irọ́ ńlá ni. Elétí Ehoro na ọrùn síwájú. Ohùn yẹn lọ geere, kò sí itọ́ níbẹ̀. Ó rò pé òun ò gbọ́ dáadáa ni, ó padà lọ. Ó rò pé bóyá Akọni ti fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, èémí ni, tàbí ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀, ó tún padà lọ. Ó ń dijú láàárín àwọn tó ń pariwo fífò. Òótọ́ lọ geere, irọ́ lọ geere, ohùn náà dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó wá yé e. Ọkùnrin náà ti gbá gbogbo inú fíìmù yẹn mọ́, kò fi nǹkan kan pa mọ́ de ẹnikẹ́ni tó bá padà wá.

Ìyá rẹ̀ ń dúró dè é nílé. Àwọn méjì péré ló kù sínú ilé náà.

"Kí ló wà nínú fíìmù yìí tó ò fi yéé lọ wò ó? Ṣé ó dùn tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Elétí Ehoro bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé itọ́ mì.

"Ó dùn, Màámi," ló wí.

Ìyá ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní kó lọ jẹun.